Ọdún Tí Ààwẹ̀ Méjì Pàdé Wa Lọ́nà

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù kejì, 2026. Lọ́kọ́ja

Màmá Paparanda, ìyá Ṣàmsí, ti gbà o! Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kíá kó tó yí ọ̀rọ̀ padà.

Láti àárọ̀ ni mo ti wà nílé wọn ní àdúgbò Paparanda, mo ká ọwọ́ sí itan bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó. Ṣàmsíátù jókòó tì mí, ó ń fi èékánná ha ẹní. Màmá rẹ̀ ń to ẹja gbígbẹ sínú páálí oníbàárà, kò tilẹ̀ wò wá. Ó ní, "Ayọ̀mikún, ọmọ tí mo bí lo fẹ́ gbé lọ sí Gánà yìí, àbí ọmọ ẹlòmíràn?"

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ bí i, mà."

"O mọ̀ pé bí òtútù bá mú un, egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó? O mọ̀ pé bí kò bá mu omi dáadáa, ilé ìwòsàn ló kù?"

Mo ní mo mọ̀. Kí ni mi ò mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ Ṣàmsí? Láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń bá a gbé báàgì rẹ̀ tẹ̀lé wọn lọ sí ọsibítù. Fòníkú-fọ̀ladìde ni àwọn ará àdúgbò ń pe àìsàn náà, mo sì kórìíra orúkọ yẹn dé góńgó. Ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì lọ́dún kan náà pẹ̀lú mi, tí máàkì rẹ̀ tún ju tèmi lọ, ìgbà wo ló kú?

Màmá wá sọ àdéhùn. Bí a bá lọ dé Àkrà tí a sì bọ̀ láìsí wàhálà, nígbà tí ìwé àgùnbánirọ̀ wa bá jáde, òun ò ní lọ bẹ ẹnikẹ́ni kí wọ́n fi Ṣàmsí sí Lọ́kọ́ja. Ibi tí wọ́n bá rán an ló máa lọ bíi ti gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí nǹkan kan bá ṣe é lọ́nà pẹ́nrẹ́n, ọ̀rọ̀ ti parí. Abẹ́ òrùlé yìí ni yóò ti sin ìlú rẹ̀.

Ó wọ yàrá, ó mú àpò kékeré aláwọ̀ ewé kan jáde tó ní okùn ọrùn. Oògùn Ṣàmsí ló wà níbẹ̀, ti ẹ̀jẹ̀, ti ibà, ti ìrora. Ṣàmsí na ọwọ́. Màmá kọjá rẹ̀, ó gbé e kọ́ mi lọ́rùn. "Ìwọ ni mo fà á lé lọ́wọ́ o."

Orí mi wú. Mo rí i pé ojú Ṣàmsí kò dùn, ṣùgbọ́n inú tèmi ti dùn jù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù kejì

Dádì béèrè ohun tí a fẹ́ lọ ṣe ní Àkrà gan-an. Mo ní láti kékeré ni èmi àti Ṣàmsí ti ń jókòó sétí odò, tí à ń wo Ọya àti Bẹ́núé bí wọ́n ṣe ń kọjá, a sì ti sọ fún ara wa pé lọ́jọ́ kan a ó rí òkun tí wọ́n ń lọ. Dádì bọ́ awò ojú rẹ̀. "Bàyélsà ni omi yẹn ń lọ, Ayọ̀mikún. Kò ya Gánà."

Mo ní òkun kan náà ni. Ó ní kí n má gbàgbé tọ́ọ̀ṣì. Báyìí ni Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayé ti àdúgbò Crusher ṣe máa ń súre fún ọmọ.

Ọjọ́rú, 11 oṣù kejì

Ìjà ẹja. Màmá Paparanda di ẹja àrọ̀ gbígbẹ sínú ọ̀rá mẹ́ta, ó ní Ṣàmsí gbọ́dọ̀ gbé e. "Ọmọ oníṣòwò kì í wọ ìlú onílùú lọ́wọ́ òfo." Mo ní mà, báàgì ẹ̀yìn là ń gbé, arìnrìn-àjò ni wá, a kì í ṣe alájàpá. Ó wò mí títí. "Àwọn arìnrìn-àjò kì í jẹun ni?"

Báàgì Ṣàmsí ti ń rùn báyìí, aṣọ rẹ̀ pẹ̀lú. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù kejì. Àjàṣẹ́

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náírà ni ọkọ̀ gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan dé Èkó, a sì sùn sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi Olúwaṣèyítán. Lónìí la kọjá ẹnubodè ní Ṣèmè. Aṣọ́bodè kan ní kí Ṣàmsí ṣí báàgì. Ó ṣí i. Òórùn ẹja kí bàbá náà káàárọ̀. Ó fi ọwọ́ bo imú, ó ní ká máa lọ, ká máa lọ! Ṣàmsí ní, "Ṣé o rí i? Màámi gbọ́n jù ẹ́ lọ."

Mo rí òkun láti ojú fèrèsé ọkọ̀! Ó tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ, kò ní òdìkejì. A ti búra pé a ò ní ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ títí a ó fi dé Àkrà.

Ilé Ìyá Kàrímọ́tù la wọ̀ sí. Opó ni, ó ń ta abọ́ lọ́jà, ó sì máa ń gba àlejò sí yàrá kan. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ló júwe wa. Mùsùlùmí ni gbogbo ilé, wọ́n ń sọ Yorùbá, wọ́n á kàn ju Faransé sí i bí ẹni ju iyọ̀ sọ́bẹ̀. Mo kí ìyá náà ní "Ọ̀kun o" bí a ṣe ń kíni nílé wa, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Láti ìgbà náà ni ó ti ń pè mí ní Ọ̀kun.

Ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù kejì

Ooru. Ọyẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, oòrùn ibí sì ń ṣe bí oòrùn Lọ́kọ́ja. A gbé ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú tí wọ́n kọ́ sórí ọ̀sà. Ọlọ́kọ̀ ní ká má bẹ̀rù. Ṣàmsí ní, "Àwa tá a wá láti Lọ́kọ́ja?" Ó gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tu ọkọ̀ díẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà wá sómi.

Mo ti fi aago sí fóònù mi. Ní wákàtí méjì méjì ló ń dún, màá sì ní, "Ṣàmsí, omi." Lónìí, níwájú àwọn òyìnbó tá a jọ wọkọ̀ àti ọlọ́kọ̀, ó ní, "Ayọ̀, arìnrìn-àjò lo sọ pé o jẹ́. Mi ò mọ̀ pé wọ́dà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fà mí lé lọ́wọ́."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ó mu omi náà ṣá, èyí ló ṣe pàtàkì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù kejì

Wọ́n ti rí oṣù! Ọ̀la ni Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀, ọ̀la náà sì ni Ọjọ́rú Eléérú tiwa. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti ń ṣọ̀rẹ́. Ìyá Kàrímọ́tù ní, "Olúwa fẹ́ kí ebi pa gbogbo ayé lọ́jọ́ kan náà." Ṣàmsí ní ààwẹ̀ àwa Kátólíìkì kì í ṣe ààwẹ̀, àwa tí à ń jẹ ẹja síbẹ̀. Mo ní òun tí kì í gbà rárá ńkọ́?

Ó dìde kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo mọ̀ pé ẹnu mi yá jù. Àwàdà lásán ni.

Ọjọ́rú, 18 oṣù kejì

Mo jí lọ gba eérú. Mo padà sílé nírọ̀lẹ́, eérú níwájú orí, ebi nínú. Ṣàmsí wà láàárín àwọn obìnrin ilé, ó ń bó àlùbọ́sà. "O ti mu omi?" "Mo ti mu." Ojú rẹ̀ ń dán. Nígbà tí wọ́n ṣínu, gbogbo wa jọ jẹun, èmi, òun àti gbogbo ilé. Ó pa ojú dé nígbà tó kan omi. Ó pẹ́ tí mo ti rí i kí inú rẹ̀ dùn báyìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù kejì

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́.

Ọ̀nà ọjà la wà, lẹ́yìn Jímọ̀. Ó ní, "Ayọ̀, dúró ná." Mo ti ṣáájú, mo ń dá ọkọ̀ dúró. Nígbà tí mo yíjú padà, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, ó di itan rẹ̀ méjèèjì mú. Ètè rẹ̀ ti funfun. Kò ké. Bí Ṣàmsí ò bá ké, ìrora náà ti kọjá sísọ nìyẹn.

Ọ̀kadà méjì la gbé dé kílíníìkì. Nọ́ọ̀sì béèrè ìgbà tó mu omi kẹ́yìn. Mo ní láàárọ̀, mo búra pé láàárọ̀ ni. Ìyá Kàrímọ́tù tó sáré tẹ̀lé wa láti ọjà ní, "Láàárọ̀ wo? Ààwẹ̀ ló ń gbà! Ọjọ́ kẹta rèé. Òun gan-an ló máa ń kọ́kọ́ jí fún sààrì, òun ló ń jí èmi!"

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ là kí n wọlé. Àpò oògùn wà lọ́rùn mi. Aago fóònù mi ń dún lọ́wọ́ kan náà, omi, omi. Èmi tí mò ń ṣọ́ ọ kíkankíkan, mò ń gbààwẹ̀ tèmi, mi ò jókòó tì í jẹun lọ́sàn-án lọ́jọ́ kankan. Ó ní òun ti mu, mo ní ó dáa. Ẹni tí ebi ń pa kì í wo ẹnu ẹlòmíràn.

Ìyá Kàrímọ́tù bú mi bí ẹni bú ọmọ rẹ̀. "Ẹ ò sọ fún mi! Ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà yìí, ẹ ò lè lanu sọ pé ara ọmọ yìí ò gba ààwẹ̀?" Òótọ́ ni. A ò sọ fún un. Nílé, kò sẹ́ni tí ò mọ̀, nítorí náà kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ènìyàn ní láti sọ ọ́.

Màmá Paparanda pè. Mi ò gbé e. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ pé Ṣàmsí ń sùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 oṣù kejì

Wọ́n ń fa omi sí i lára. Ìrora ti ń rọlẹ̀. Mo ti pinnu pé mi ò ní bínú sí i títí ara rẹ̀ á fi yá, àmọ́ mo bínú.

Mo ní, "Kí ló dé? Ẹ̀sìn tìẹ gan-an yọ̀ǹda kí o má gbà á. Arìnrìn-àjò ni ọ́, aláìsàn ni ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀!"

Ó ní, "Ayọ̀, o mọ àwọn ajísààrì tó máa ń kọjá lábẹ́ fèrèsé wa?" Mo mọ̀ wọ́n, mo ti sùn níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. "Wọ́n á kọrin, gbogbo ilé á jí. Àwọn ará ilé á ní, Ṣàmsí, ìwọ sùn. Àwọn àbúrò mi ń gba ààwẹ̀ ààbọ̀ ọjọ́ láti ọmọ ọdún méje. Màámi á fún aláìní lóúnjẹ dípò tèmi, èmi ò tilẹ̀ mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ebi ò pa mí pẹ̀lú wọn rí. Mo kàn fẹ́ mọ bí omi ìṣínu ṣe ń rí lẹ́nu."

Mo bi í bóyá ó dùn.

"Ọjọ́ àkọ́kọ́," ó ní, "ó dùn gan-an ni, Ayọ̀."

A jọ sunkún. Lẹ́yìn náà ó ní kí n má sọ fún màmá òun. Bí ó bá gbọ́, àdéhùn ti bàjẹ́, Lọ́kọ́ja títí ayé.

Ọjọ́ Àìkú, 22 oṣù kejì

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò ó láti òru. Bí mo bá sọ fún màmá rẹ̀, mo di wọ́dà tó pè mí lóòótọ́. Bí mi ò bá sọ, irọ́ ni màá máa pa fún obìnrin tó ti ń bọ́ mi láti kékeré. Mo wá bọ́ àpò aláwọ̀ ewé náà lọ́rùn mi, mo gbé e lé àyà Ṣàmsí lórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé fóònù mi lé e.

"Mi ò sọ fún un. Mi ò sì ní bá ọ fi pamọ́ fún un. Ìwọ ló ni ara. Ìwọ ni kí o sọ ọ́."

Ó gba okùn àpò náà mú. Ó ní, "Ṣé o máa pa aago yẹn?"

Mo pa á.

Ó pe màmá rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìyọ nǹkan kan sílẹ̀. Mo ń gbọ́ bí Màmá Paparanda ṣe ń mí lódìkejì. Níkẹyìn ó ní, "O ti jẹun?" Ṣàmsí ní òun ti jẹ. "Ẹ máa bọ̀ nílé lọ́la."

Ṣàmsí ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò bọ̀. Mo máa sinmi níbí títí dókítà á fi ní kí n lọ, lẹ́yìn náà mo máa lọ sí Àkrà. Èmi ni mo ṣe é, kì í ṣe ọ̀nà ló ṣe mí."

Màmá pa fóònù. Ṣàmsí dá fóònù mi padà fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù kejì

Wọ́n dá a sílẹ̀ ní kílíníìkì lánàá. Kò sí ìpè kankan láti Lọ́kọ́ja. Ó ń mu omi rẹ̀ fúnra rẹ̀, mò ń wo ibòmíràn. Iṣẹ́ ńlá ni kí ènìyàn máa wo ibòmíràn.

Láàárọ̀ yìí, ohùn kan wọlé sórí fóònù. Àwọn ajísààrì ni! Màmá Paparanda gbé fóònù sójú fèrèsé, ó gba orin wọn sílẹ̀ látòkè délẹ̀, a tilẹ̀ ń gbọ́ ajá àdúgbò. Lẹ́yìn orin, ohùn tirẹ̀: "Ṣàmsíátù, o ti gbọ́ wọn báyìí, padà sùn. Sọ fún ìyá tó gbà yín sílé pé mo kí i. Oúnjẹ tí mo máa ń fi dípò ààwẹ̀ rẹ, mi ò ní ṣe é lọ́dún yìí. Ẹja wà lọ́wọ́ rẹ. Ìwọ fúnra rẹ lọ fún ènìyàn jẹ."

Kò sọ ọ̀rọ̀ àdéhùn. Ṣàmsí gbọ́ ọ ní ìgbà mẹ́rin.

Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù kejì

Ọ̀rá ẹja mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ tán! Ìyá Kàrímọ́tù yá wa ní ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ìkómọ. Ṣàmsí jókòó sórí àpótí, ó ń pàṣẹ, èmi ń gún ata. Ó ní ata kò tíì kúná. Ta wá ni wọ́dà báyìí?

A gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí àdúgbò kí wọ́n tó pe ìrun. Àwọn arúgbó, àwọn ọlọ́kadà, obìnrin kan tó pọn ìbejì. Ṣàmsí ló ń bù ú, ó ń wo ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àpò aláwọ̀ ewé wà lọ́rùn rẹ̀. Láàárín bíbù, ó gbé omi rẹ̀, ó mu ún níwájú gbogbo wọn, kò sápamọ́. Kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá àgbà kan tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní, "Ẹja ibo nìyí?"

"Ti Lọ́kọ́ja, bàbá."

"Olúwa á gbà á lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi."

Ṣàmsí ní "Àmín" bí ẹni tí wọ́n dá nǹkan rẹ̀ padà fún. Èmi náà ṣínu ààwẹ̀ Lẹ́ńtì mi nínú ìkòkò yẹn. Mo sì jẹ́wọ́ pé ẹja tí mo bá jà yẹn ni ó dùn jù nínú ohun tí mo ti jẹ láti ìgbà tí a ti kúrò nílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù kẹta. Lómè

Aago ibí fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. A dé ibùdókọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jí.

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù kẹta. Àkrà

A dé o. A dé!

Oòrùn mú, Ṣàmsí ní ooru yẹn gan-an ni òun fẹ́, òtútù ò lè rí òun. A bọ́ bàtà sórí yanrìn, a ká ṣòkòtò. A di ọwọ́ ara wa mú, a ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ìgbì kan wá, ó dé orúnkún wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wó èmi alágbára lulẹ̀. Ṣàmsí ló fà mí dìde. Ó fi ìka kan omi, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú jáde. "Iyọ̀! Ayọ̀, gbogbo omi Lọ́kọ́ja ló wá di èyí?" A rẹ́rìn-ín títí àwọn apẹja fi ń wò wá. Lẹ́yìn náà ó jáde, ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ, ó wọ ìbọ̀sẹ̀, ó gbé oògùn rẹ̀ mì. Èmi kọ́ ni mo rán an létí. Mi ò tilẹ̀ rántí.

Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí Dádì. Ó kọ̀wé padà: "Ó dára. Bàyélsà ló kù."

Ọjọ́rú, 18 oṣù kẹta. Lọ́kọ́ja

Màmá Paparanda dúró dè wá ní gáréèjì. Ó wo Ṣàmsí láti orí dé ẹsẹ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ kan náà kan ọrùn tèmi. Ó ní a ti dúdú. Mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ àdéhùn, ẹnu mi ò gbà á. Wàhálà ṣẹlẹ̀ lọ́nà, a ò lè sọ pé kò ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù kẹta

Ìtúnu ààwẹ̀. Àwọn ará ilé Ṣàmsí gbé abọ́ oúnjẹ wá fún wa ní Crusher bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọọdún. Ọjọ́ Ẹtì Lẹ́ńtì ni, mi ò lè jẹ ẹran. Màmá rántí, ẹja ló kún inú abọ́ tèmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 oṣù kẹrin

Ìwé àgùnbánirọ̀ ti jáde! Kebbí ni tèmi. Kàlàbá ni ti Ṣàmsí. Kàlàbá! Ó pè mí, kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Màmá rẹ̀ ka ìwé náà, ó ká a, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, ó jáde lọ sọ́jà. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọjọ́ Ajé, 27 oṣù kẹrin

Mo ti wà ní Paparanda láti ìdájí. Ọkọ̀ Ṣàmsí ń lọ lónìí, tèmi di ọ̀la. Báàgì ẹ̀yìn rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó wú. Mi ò ní láti béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, òórùn rẹ̀ ti pàdé mi ní kọ̀rọ̀ àdúgbò.

Mo bi Màmá bóyá ó ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa Kàlàbá. Ó ń so okùn báàgì, kò gbójú sókè. "Ta ni màá bẹ̀? Ẹni tó ṣubú tó pe ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣebí ó ti mọ ọ̀nà ilé."

Ó wọ yàrá, ó gbé àpò aláwọ̀ ewé náà jáde. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti kó oògùn tuntun sí i. Ọwọ́ mi na ara rẹ̀, àṣà ni. Màmá kọjá mi. Ó gbé e kọ́ Ṣàmsí lọ́rùn, ó tún okùn rẹ̀ ṣe, ojú rẹ̀ kún fún omi ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó dà.

"Ìwọ fúnra rẹ ni mo fà ọ́ lé lọ́wọ́."

Ṣàmsí dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé báàgì ẹja rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ó bọ́ sí gbangba, ó yíjú padà wò mí. Oòrùn ti ń mú.

"Ayọ̀," ó ní, "o ti mu omi?"

Mi ò tíì mu.